Ohùn, fídíò, screenshot tàbí Google: èwo ló yẹ kí òǹtajà Ìlọrin fi gba ẹ̀rí oníbàárà?

Ẹni tó ń ta òfì ní Ìlọrin, ẹni tó ń ta èlùbó ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹni tó ń po ìpara òrí ní Òmù-Àrán, gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ti ra ọjà rí máa ń wọ ẹni tó fẹ́ rà létí ju ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé ọ̀nà tí wọ́n rí lọ́wọ́ ẹlòmíì ni wọ́n ń tọ̀. Wọ́n rí fídíò àwọn òǹtajà Èkó, làwọn náà bá ní kí Alhaja tó wá gba aṣọ dúró síwájú kámẹ́rà. Ara Alhaja ò gbà á, ó sọ gbólóhùn méjì tí kò lórí tí kò nídìí, ẹ̀rí di òfo. Ká ní ó jókòó sílé rẹ̀ tó fi ohùn ránṣẹ́ ni, ẹ̀rí tó lè ta aṣọ fún odidi ọdún kan ni ì bá sọ.

Nǹkan méjì la fi ń yan ọ̀nà. Èkíní ni ohun tó rọ oníbàárà yẹn lọ́rùn láti ṣe. Èkejì ni ẹni tí ẹ fẹ́ kó gba ẹ̀rí náà gbọ́, àti ibi tí onítọ̀hún yóò ti bá a pàdé. Ẹwà fídíò àti iye owó ń bọ̀ lẹ́yìn méjèèjì. Ìfiwéra rèé ní ṣókí, kí a tó tú u palẹ̀:

| Ọ̀nà | Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà | Ṣé ó rọrùn láti ṣe ayédèrú rẹ̀? | Ibi tó ti wúlò jù |
|---|---|---|---|
| Ohùn lórí WhatsApp | Ìṣẹ́jú kan, dátà díẹ̀ | Ó le díẹ̀ | Aṣọ, oúnjẹ, ìpara, ọjà tí obìnrin ń rà |
| Fídíò | Àkókò, ìgboyà, ìmọ́lẹ̀, dátà púpọ̀ | Ó le | Iṣẹ́ tí ojú ń rí: ìránṣọ, àga, ọ̀dà, sólà |
| Screenshot | Kò gba nǹkan kan | Ó rọrùn púpọ̀ | Àfikún sí ẹ̀rí mìíràn |
| Ọ̀rọ̀ lórí Google | Àkáǹtì Google, àti ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta | Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n Google ń ṣọ́ ọ | Ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, mẹkáníìkì, ilé ìtura |
| Ìwé àti bíróò | Ìjókòó díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù | Ó rọrùn díẹ̀ | Àgbàlagbà, ibi tí dátà ò ti sí |

## Ohùn ló yẹ kí ọ̀pọ̀ fi bẹ̀rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé ọ̀nà kan ṣoṣo wo ni kóun mú, ohùn la máa sọ. Oníbàárà ò ní wọṣọ tuntun, kò ní wá bó ṣe máa kọ ọ́, kò ní jáde nílé. Bọ́tìnnì kan péré ló máa tẹ̀. Ohùn ìṣẹ́jú kan lórí WhatsApp kì í tó MB 1, nítorí náà dátà tó ń jẹ kò tó nǹkan. Ní Ìlọrin, ìdí mìíràn tún wà tó ju ti dátà lọ: ọ̀pọ̀ obìnrin ni kò fẹ́ kí ojú òun hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn eléhàá pàápàá, bẹ́ẹ̀ oníbàárà gidi tó ń náwó gidi ni wọ́n. Òǹtajà tó bá gbà pé fídíò nìkan ni ẹ̀rí ti pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́.

Ohùn tún ń gbé ìlú dání. Ẹni tó bá gbọ́ Ìgbómìnà lẹ́nu ìyá kan láti Ìgbàjà, tàbí tó gbọ́ bí ọmọ Pàkátà ṣe ń fa ọ̀rọ̀, ti mọ̀ pé èèyàn tó wà ládùúgbò ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ má ní kí wọ́n fi Yorùbá ilé ìwé sọ ọ́, ẹ má sì ní kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ torí pé ẹ rò pé ìyẹn ló gbayì.

Ohùn ni kí ẹ fi béèrè ohùn. Ẹni tí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí, ọ̀rọ̀ náà ló máa kọ padà, á sì kúrú. Ẹ kí i bó ṣe yẹ, ẹ dárúkọ ohun tó rà, kí ẹ wá bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Báyìí ló ṣe lè lọ fún ẹni tó dá òfì:

"Ẹ kú ìnáwó o, Alhaja, Ọlọ́run á jẹ́ ká máa ṣe rere. Ẹ jọ̀ọ́ mà, nípa òfì tí ẹ dá yẹn, ẹ bá wa fi ohùn sọ nǹkan mẹ́ta, kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí ló ń kọ yín lóminú kí ẹ tó gbé iṣẹ́ náà fún wa? Kí lẹ rí nígbà tí aṣọ dé? Kí ló yẹ kí ẹlòmíì tó fẹ́ dá tiẹ̀ mọ̀ ṣáájú?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ń fa iyèméjì jáde, iyèméjì yẹn náà ló sì wà lọ́kàn ẹni tó kàn tó fẹ́ rà. Ìkejì ń béèrè ohun tí ojú rí, kì í béèrè bóyá ó dára, bí ẹ bá ti bi èèyàn pé "ṣé ó dára?", "ó dára" náà lẹ máa gbọ́. Ìkẹta ni àwọn òǹtajà ń bẹ̀rù jù, torí pé àléébù lè tibẹ̀ yọ. Òun gan-an ló ń jẹ́ kí wọ́n gba méjì tó kù gbọ́.

Ẹ fi ẹ̀rí méjì wé ara wọn. Àpẹẹrẹ ni a fi wọ́n ṣe. Ti àkọ́kọ́: "Aṣọ yín dáa gan-an ni, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á bù sí i." Ti ìkejì: "Ogójì èèyàn la dá òfì fún. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àwọ̀ èyí tí wọ́n bá hun kẹ́yìn lè má bá ti àkọ́kọ́ mu, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ìnáwó dé ni wọ́n kó o dé Ọ̀ffà. Gèlè méjì kúrú, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ dá tiẹ̀ tètè sọ o, torí wọn kì í kánjú hun ún."

Àdúrà ni ti àkọ́kọ́. Ẹ ṣe àmín sí i, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè ẹnikẹ́ni. Ìkejì dáhùn ohun tí gbogbo ẹni tó ń ṣètò aṣọ ẹbí ń rò: ṣé àwọ̀ á bára mu, ṣé á dé lásìkò, ṣé wọ́n lè gbé e jáde ní Ìlọrin, kí ni wọ́n á ṣe bí nǹkan bá bàjẹ́. Gèlè méjì tó kúrú yẹn kò gbọdọ̀ kúrò nínú ẹ̀rí náà. Ẹni tó bá gé e kúrò ti sọ ẹ̀rí di ìpolówó, àwọn tó ń gbọ́ ọ sì máa fura.

Ohun tó máa ń ba ohùn jẹ́ kò pọ̀. Ariwo ni olórí wọn: jẹnẹrétọ̀, fáànù tó ń fẹ́ sí fóònù, ọ̀kadà tó ń kọjá. Ẹ bẹ oníbàárà kó wọ yàrá tí bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnnì wà, kó sì gbé fóònù sí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹnu. Aṣọ inú yàrá ń gba ohùn mọ́ra, kì í jẹ́ kó máa dún padà bíi ti pálọ̀ tó ṣófo. Ìṣòro kejì ni pé ojú ò lè sáré ka ohùn bó ṣe ń sáré ka ìwé, ọ̀pọ̀ ò sì ní tẹ̀ ẹ́ bí wọn ò bá mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ mú gbólóhùn kan tó lágbára jù nínú ohun tó sọ, ẹ kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́ sójú àwòrán ọjà náà, kí ẹ fi àpù bíi CapCut tàbí InShot so ohùn mọ́ àwòrán yẹn. Ó ti di fídíò kékeré tó lè lọ sí Status, Facebook tàbí TikTok, láìjẹ́ pé ojú ẹnikẹ́ni hàn.

Ẹ̀rí ohùn náà sì ni ọ̀nà tó súnmọ́ rédíò jù. Bí ẹ bá ní lọ́kàn láti polówó lórí Sobi FM, Albarka FM tàbí Harmony FM ní Ìdófíàn, ẹ má fi ohùn WhatsApp lọ̀ wọ́n, torí pé WhatsApp ti fún un pọ̀. Ẹ fi àpù ìgbohùn inú fóònù gbà á, kí ẹ sì fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ bó ṣe wà.

## Fídíò: ẹ fi í pamọ́ fún ohun tí ojú ń rí

Fídíò ló lágbára jù níbi tí ìyàtọ̀ bá ti hàn sójú: àga tí wọ́n tún ṣe, ilé tí wọ́n kùn, agbádá tó jókòó dáadáa lọ́rùn, sólà tó gbé fìríìjì nígbà tí iná NEPA lọ. Níbi tí kò bá ti sí ohun tí ojú lè rí, bíi adùn èlùbó tàbí òórùn ọṣẹ, ohùn tó iṣẹ́ náà ṣe, wàhálà rẹ̀ sì kéré.

Kì í ṣe dandan kí ojú oníbàárà hàn. Ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣí àpótí, tó ń na aṣọ, tó ń ro àmàlà, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ lábẹ́, ti tó. Fún ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlọrin, èyí ni fídíò kan ṣoṣo tí wọ́n máa gbà.

Bí ẹ bá fẹ́ gbà á: ẹ nu ojú kámẹ́rà pẹ̀lú aṣọ mímọ́, torí pé ọ̀rá ìka ló ń mú kí àwòrán rí bí kùrukùru. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà kọjú sí fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà. Bó bá kọ ẹ̀yìn sí i, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn. Ní ìta, ọ̀sán gangan kì í ṣe àkókò rẹ̀, oòrùn tó wà lókè orí ń fi òjìji sí ihò ojú; kí aago 10 òwúrọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn aago 4 ìrọ̀lẹ́ ló dára. Ẹ gbé fóònù ró sóòró, ní ìwọ̀n ojú rẹ̀, ẹ má jìnnà sí i ju mítà kan lọ bí ẹ ò bá ní gbohùngbohùn tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ. Ẹ fi fóònù sí airplane mode kí ìpè má baà já a láàárín.

Ẹ kọ́kọ́ gba ọjà fúnra rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ tó yí sí oníbàárà. Ìbéèrè mẹ́ta ọ̀hún náà ni kí ẹ bi í, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀ ẹ́ kó máa fi ìbéèrè náà bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn rẹ̀, torí pé ẹ máa gé ohùn tiyín kúrò. Bí ẹ bá bi í pé kí ló ń kọ ọ́ lóminú, tó sì dáhùn pé "iye rẹ̀ ni", ẹni tó ń wò ó ò ní mọ ohun tó ń sọ. "Ohun tó ń kọ mí lóminú ni iye rẹ̀" ló wúlò. Gbogbo rẹ̀ kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú àáyá 45 lọ nígbà tí ẹ bá gé e tán.

Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé fún un láti kà. Ojú ẹni tó ń kàwé ń lọ láti apá kan sí ìkejì, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ohun tó ń sọ sí ìsàlẹ̀ fídíò, torí ọ̀pọ̀ ló ń wo Status láìtan ohùn.

Ibi tí fídíò ti ń ná èèyàn lówó ni fífi ránṣẹ́. Fídíò ìṣẹ́jú kan tí fóònù gbà ní 1080p lè tó MB 60 sí 130. WhatsApp á fún un pọ̀ bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bí fídíò lásán, àwòrán rẹ̀ á sì bàjẹ́. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi document, á dé bó ṣe wà, ṣùgbọ́n gbogbo MB yẹn ló máa jẹ. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí ẹ̀yin fúnra yín gbà á sórí fóònù yín lọ́jọ́ tí ẹ gbé ọjà lọ fún un, dípò kí ẹ ní kí oníbàárà ná dátà rẹ̀.

## Screenshot: gbogbo èèyàn ń lò ó, òun ló sì mẹ́hẹ jù

Òǹtajà fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó ti wà lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà náà mọ̀ pé àpù tí wọ́n fi ń ṣe ayédèrú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ WhatsApp pọ̀ lórí Play Store, ọmọ iléèwé gan-an lè ṣe é kí omi tó hó. Nítorí náà ogún screenshot tó ń sọ "wow, I love it" kò wúwo tó ohùn kan ṣoṣo. Àmọ́ bí ẹ bá fi í ti ẹ̀rí mìíràn lẹ́yìn, ó ń ran èèyàn lọ́wọ́, pàápàá èyí tí oníbàárà fi àwòrán ọjà náà sí nínú ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tó kọ ọ́ hàn. Ẹ bo nọ́ńbà fóònù, àwòrán ojú, nọ́ńbà àkáǹtì àti iye owó tó wà nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà. Àpótí dúdú tó ki ni kí ẹ fi bò ó. Bíróò pupa tàbí dúdú inú fóònù tó fẹ́lẹ́ kò tó, torí pé ẹni tó bá gbé ìmọ́lẹ̀ àwòrán náà sókè lè ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má gé ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bí oníbàárà bá kọ "ó dára ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé", tí ẹ wá gbé "ó dára" nìkan síta, irọ́ lẹ pa mọ́ ọn, òun náà sì máa rí i lórí Status yín.

Àwọn kan ṣètò WhatsApp wọn kí ọ̀rọ̀ máa pa rẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti sọ láìlanu pé òun ò fẹ́ kí wọ́n tọ́jú ọ̀rọ̀ òun. Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fọwọ́ kan tirẹ̀.

Ohun kan tí àwọn tó gbára lé Status sábà máa ń gbàgbé: wákàtí 24 péré ló ń lò, ẹni tí nọ́ńbà yín wà lórí fóònù rẹ̀ tí tirẹ̀ náà wà lórí tiyín nìkan ló sì ń rí i. Àwọn tó ti mọ̀ yín tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rí tó wà níbẹ̀ ń pe oníbàárà àtijọ́ padà, ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò tó ń wá ibi tó máa ra òfì láti Abuja kò lè rí i.

## Google, fún ẹni tí wọ́n ń wá kiri

Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ irú èyí tí èèyàn ń tẹ̀ sórí fóònù láti wá, bíi "mẹkáníìkì ní Tanke", ilé oúnjẹ lẹ́bàá Post Office, ibi ìtura ní Ọ̀ffà, kí ẹ fi Google ṣíwájú ohùn pàápàá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọ University of Ilorin, Federal Polytechnic Ọ̀ffà tàbí Landmark University ní Òmù-Àrán kò mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú. Ìràwọ̀ àti ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù lórí Google ni wọ́n ń wò.

Ẹ ṣí ojú ìwé ilé iṣẹ́ yín lórí Google, ọ̀fẹ́ ni, ẹ jẹ́ kí Google fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Lẹ́yìn náà, nínú ojú ìwé yẹn ni ẹ ti máa rí ibi tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní líǹkì àti kóòdù QR tí oníbàárà máa fi kọ ọ̀rọ̀. Ẹ tẹ kóòdù náà sórí ìwé, kó tó àtẹ́lẹwọ́ ní fífẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tí wọ́n ti ń sanwó, kí ẹ sì fi fóònù méjì tó yàtọ̀ dán an wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ibi tí iná ń tàn sí kò dára, torí bébà tó ń dán kì í jẹ́ kí kámẹ́rà kà á. Fún ẹni tó bá ti lọ sílé, ẹ fi líǹkì náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà.

Oníbàárà gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì Google, orúkọ àti àwòrán tó bá fi síbẹ̀ á sì hàn fún gbogbo ayé. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹ̀bùn ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́: Google kò fàyè gba kí wọ́n fún èèyàn ní owó, ẹ̀dínwó tàbí ọjà ọ̀fẹ́ torí pé ó kọ ọ̀rọ̀, kò gba kí òṣìṣẹ́ yín tàbí ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ́, kò sì gba kí ẹ máa yan àwọn tí inú wọn dùn nìkan láti béèrè lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á yọ àwọn ọ̀rọ̀ náà kúrò. Ọ̀pọ̀ òǹtajà ló ń kó ọmọ ìyá àti ọ̀rẹ́ jọ kí wọ́n kọ ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. Ìyẹn gan-an ló ń pe àkíyèsí. Méjì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀, láti ọwọ́ àwọn tó rà á lóòótọ́, ló ń dúró pẹ́.

Ẹ ò lè pa ọ̀rọ̀ burúkú rẹ́ lórí Google, àfi kí ẹ fi ẹ̀sùn èyí tó bá rú òfin wọn kàn. Ẹ fèsì. "Ẹ má bínú, sà, ní Sátidé yẹn òṣìṣẹ́ kan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. A ti fi ẹnì kan kún un báyìí." Ẹni tó ń kà á máa ń fi èsì yẹn díwọ̀n yín ju ẹ̀sùn náà lọ.

Facebook náà ní tirẹ̀. Láti 2018 ni wọ́n ti fi "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" rọ́pò ìràwọ̀: oníbàárà á sọ bóyá òun á júwe yín fún ẹlòmíì, á sì kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó wúlò fún ẹni tí ojú ìwé rẹ̀ ti ní èrò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i kò ní rí nǹkan púpọ̀ níbẹ̀.

## Ìwé àti bíróò

Ìwé ńlá kan lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù, tí oníbàárà ń kọ ọjọ́, ohun tó rà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ sí, ṣì ń ṣiṣẹ́ fún àwọn bàbá àti ìyá tí kò fẹ́ràn fóònù. Ẹ ya àwòrán ojú ewé náà pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀, ẹ má tún un tẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, ẹ gba ohùn rẹ̀. Ẹ má bá a kọ ọ́.

## Ìgbà tó yẹ kí ẹ béèrè

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rí ló bàjẹ́ torí pé wọ́n béèrè rẹ̀ kí oníbàárà tó lo ọjà tó. Wàrà, másà àti oúnjẹ tútù: lọ́jọ́ kan náà tàbí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti gbàgbé. Èlùbó àti gààrí: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kó ti rò ó lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Òfì àti aṣọ ìnáwó: ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn ayẹyẹ, nígbà tí àwòrán ti ń dé tí ara sì ti balẹ̀, ní ọjọ́ ìnáwó gan-an, ẹ má dà á láàmú. Ọṣẹ dúdú àti ìpara òrí: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, torí pé ẹni tó bá sọ lọ́jọ́ kejì pé ara òun ti dán, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Fáànù, bátìrì, sólà: oṣù kan sí mẹ́ta, ó sì dára kí ẹ tún padà béèrè lẹ́yìn ọdún kan. "Ó ti pé ọdún kan, ó ṣì ń ṣiṣẹ́" ni ẹ̀rí tó ṣọ̀wọ́n jù lọ́jà yẹn.

Ẹ má fojú fo ẹni tí ọjà bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ tí ẹ sì tún un ṣe. Ẹ̀rí rẹ̀ níye lórí púpọ̀. Bó bá sọ pé bátìrì kú lóṣù kejì, pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta láìjà, ó ti dáhùn ìbéèrè tí kò sí ìyìn tó lè dáhùn rẹ̀.

Ní ti iye, mẹ́fà sí mẹ́wàá tó yàtọ̀ síra ti tó fún ọ̀pọ̀ òǹtajà láti bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀kan dá lórí iye owó, òmíràn lórí bó ṣe pẹ́ tó, òmíràn lórí fífi ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, òmíràn lórí ohun tí ẹ ṣe nígbà tó bàjẹ́. Àádọ́ta tó ń sọ ohun kan náà, èèyàn kì í ka ju méjì lọ nínú rẹ̀.

## Àṣẹ oníbàárà, àti ohun tí òfin sọ

Ohùn, ojú àti nọ́ńbà fóònù èèyàn wà lára ohun tí òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ń dáàbò bò. Ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ tó ṣe kedere, oníbàárà sì lè gba àṣẹ náà padà nígbà tó bá wù ú. Ìdúpẹ́ tó fi ránṣẹ́ sí yín kì í ṣe àṣẹ láti gbé e síta. Ẹ kọ ọ́ báyìí, kó lè dáhùn ní gbólóhùn kan: "Ẹ ṣeun, mà. Ṣé ẹ gbà kí a fi ohùn yìí sí Status àti Facebook wa? Ṣé ká dárúkọ yín, àbí ká kàn sọ pé Alhaja kan ní Pàkátà?" Ẹ tọ́jú ìdáhùn rẹ̀. Bó bá gbà fún WhatsApp, kò tíì gbà fún rédíò. Ẹ tún béèrè.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń ta ọṣẹ, ìpara àti àgbo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Oníbàárà lè sọ tọkàntọkàn pé ọṣẹ yín wo àrùn ara òun sàn. NAFDAC ló ń ṣàkóso ìpolówó oògùn, oúnjẹ àti ohun ìpara, ẹ̀rí ẹnikẹ́ni kò sì sọ ọṣẹ di oògùn. Bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ ìwòsàn yẹn síta, ẹ̀yin lẹ polówó rẹ̀. Ẹ lo ibi tó ti sọ nípa bó ṣe ń hó, bó ṣe ń rùn, bí kò ṣe gbẹ ara lásìkò ọyẹ́; ti ìwòsàn, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, èyí tí àjọ ìjọba tó ń jẹ́ FCCPC ń mú ṣẹ, sì lòdì sí ìpolówó tó ń tan èèyàn jẹ, ayédèrú ẹ̀rí sì wà lára irú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fún oníbàárà ní nǹkan, ẹ fún un lẹ́yìn tó ti sọ̀rọ̀ tán, láìṣèlérí rẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó ti mọ̀ pé ọṣẹ méjì ń bọ̀ kò ní sọ ti ibi tó kù sí. Bí ẹ bá sì ti fún ẹnì kan ní ọjà lọ́fẹ̀ẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ẹ sọ ọ́ síta pé ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ ní ìwé kan, kó ní òpó márùn-ún: ọjọ́, ọjà, orúkọ oníbàárà, ibi tó gbà kí ẹ lò ó, orúkọ fáìlì. Ẹ sọ fáìlì lórúkọ tó nítumọ̀, bíi "òfì-Ọ̀ffà-oṣù-4", kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sí Google Drive, torí ọjọ́ tí fóònù bá sọnù ní ọjà Ìpàtà ni gbogbo ẹ̀rí máa bá a lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá ní kí ẹ yọ tòun, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, níbi gbogbo tí ẹ gbé e sí. Bí ẹ bá sì ti pààrọ̀ ẹni tó ń hun aṣọ fún yín, tàbí èròjà tí ẹ fi ń po ìpara, ẹ kó ẹ̀rí àtijọ́ kúrò, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gba tuntun lọ́wọ́ àwọn tó ra èyí tó wà lórí àtẹ báyìí.